Ẹ̀yìn Ríro àti Abẹ́rẹ́ Sitẹ́rọ́ìdì
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa ní Peckham)

 

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ lónìí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó ń gbé arúgbó dìde lórí ibùsùn, ẹni tó ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì lóru, ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì láti àárọ̀ dalẹ́, gbogbo wọn ló mọ ẹ̀yìn ríro. Ohun tí wọ́n sì ń bi mí ni pé, ṣé abẹ́rẹ́ sitẹ́rọ́ìdì lè wo ẹ̀yìn tó ti ń ro èèyàn láti ọjọ́ pípẹ́?

Kì í ṣe èyí tí àwọn eléré ìdárayá ń jẹ kí apá wọn lè tóbi ni mò ń sọ. Èyí jọ ohun tí ara wa fúnra rẹ̀ ń pèsè lórí kíndìnrín. Ní 1948, ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, Dókítà Philip Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún obìnrin kan tí àrùn oríkèé ti dè mọ́lẹ̀ ní kọ́tísóònù. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, obìnrin náà dìde, ó ń rìn. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1950. Àfi ìgbà tí àwọn tó ń lò ó pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wú lójú, tí eegun wọn ń di ẹlẹgẹ́.

Iṣẹ́ oògùn yìí ni pé ó ń paná wíwú àti gbígbóná inú ara. Níbi tí iná kò bá sí, kí ni yóò pa? Ẹ̀yìn ríro ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa kò ní ojú kan pàtó tí dókítà lè nawọ́ sí pé ibí ni. Àjọ NICE, tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún NHS, ti sọ ọ́ ní 2016 pé kí wọ́n má gún abẹ́rẹ́ sí eegun ẹ̀yìn nítorí irú ìrora bẹ́ẹ̀.

Èyí tó yàtọ̀ ni sàyátíkà. Tìmùtìmù kékeré tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn ló yọ síta, tó tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀, tí ìrora wá ń ta láti ìdí dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Bó bá le gan-an, tí kò sì tíì pẹ́, dókítà lè gún abẹ́rẹ́ sitẹ́rọ́ìdì pẹ̀lú oògùn apàmọ̀lára. Ìtura rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, kí èèyàn lè rìn, kó sì ṣe eré ìdárayá tí fisiotẹ́rápì kọ́ ọ. Ní ti àwọn àgbà tí ẹsẹ̀ wọn ń wúwo bí wọ́n bá ń rìn ní Rye Lane, tí ara sì ń tù wọ́n bí wọ́n bá tẹ̀ síwájú lé tírọ́lì, ihò eegun ẹ̀yìn wọn lè ti há. NICE kò fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ yìí fún irú èyí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn, oògùn oníhóró tó ń ti ilé wá nínú àpò ni: dexamethasone, prednisolone, tàbí àdàlù oògùn tí kò lórúkọ. Èèyàn á gbé e mì, ara á yá gágá, á ní òun ti rí ìwòsàn. Ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì ń sọ eegun di ẹlẹgẹ́ débi pé eegun ẹ̀yìn tí a ń torí rẹ̀ jẹ ẹ́ lè rún. Láti 2020, NICE ti ní kí wọ́n má tilẹ̀ fún ẹni tó ní sàyátíkà ní oníhóró.

Ó tún ń bo àìsàn mọ́lẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ikọ́ fée, tí wọ́n ń pè ní TB, lè jókòó sínú eegun ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbọ́ o: nínú ọkùnrin dúdú mẹ́rin ní ilẹ̀ yìí, ọ̀kan ni yóò ní jẹjẹrẹ prostate nígbà ayé rẹ̀, eegun ẹ̀yìn sì wà lára ibi tó sábà máa ń ràn dé. Bí ẹ bá ń rù, tí ẹ ń làágùn lóru, tí ìrora kò sì jẹ́ kí ẹ sùn, ẹ lọ rí GP.

Bí wọ́n bá fẹ́ gún yín lábẹ́rẹ́, ẹ sọ fún wọn bí ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà, nítorí ṣúgà lè ga fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ sọ oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn bíi warfarin, kí ẹ sì dárúkọ ìpara ìbóra pẹ̀lú. Sitẹ́rọ́ìdì wà nínú òmíràn. Kí ẹnikẹ́ni má tijú.

Bí ìtọ̀ bá ṣàdédé kọ̀ tí kò wá, tí àárín itan kú tipiri, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń yẹ̀, ẹ má dúró de GP. King's ní Denmark Hill ni kí ẹ forí lé lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹni tó bá sì ti ń jẹ oníhóró náà ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, kó má dá a dúró lójijì, nítorí ara ti gbàgbé bí yóò ṣe pèsè tirẹ̀, èèyàn sì lè dákú. Kó mú páálí oògùn náà lọ bá GP tàbí oníkẹ́míìsì. Wọn yóò bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.