Ìrújáde Epo Rọ̀bì: Ìdènà àti Ìkápá Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹwòran, ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ní ọdún 2020, kànga epo kan tí ń jẹ́ Ororo-1 rú jáde lójú omi nítòsí Awóyè, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Iná sọ, ó sì lé ní ọdún mẹ́ta tí iná náà fi ń jó lórí omi tí àwọn apẹja ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Kí ni ó ń fa irú èyí? Báwo ni a sì ṣe ń dènà rẹ̀?

Inú ihò tíntìntín ara àpáta ni epo àti gáàsì há sí, ìwúwo ohun tí ó wà lórí wọn sì ń fún wọn pọ̀. Bí irin ìlulẹ̀ bá kàn wọ́n, ọ̀nà àbáyọ ni wọ́n ń wá. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń dá wọn dúró ni ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ yìí kì í ṣe ti ojú títì: amọ̀ àti lúbúlúbú òkúta wíwúwo ni a pò mọ́ omi tàbí epo. Ẹ̀rọ ń tì í gba inú ọ̀pá irin lọ sí ìsàlẹ̀ kànga, a sì máa gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà padà sókè. Bí ó bá fúyẹ́ jù, gáàsì yóò wọ kànga. Bí ó bá wúwo jù, àpáta yóò là, ẹrẹ̀ yóò ṣàn wọ inú ilẹ̀, èyí tí ó kù kò sì ní lè tẹ gáàsì mọ́lẹ̀ mọ́.

Ìdènà kejì ni páìpù irin tí a fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ mọ́ ògiri kànga. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ ìdènà tí ó wà lẹ́nu kànga. Ní ọdún 1901, kànga Spindletop ní ìpínlẹ̀ Texas tú epo sójú ọ̀run fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 1922, James Abercrombie àti Harry Cameron ṣe ẹ̀rọ kan tí àgbò irin méjì inú rẹ̀ ń pàdé láti fún ọ̀pá mọ́ àárín. Nínú irú rẹ̀ tí ó dé lẹ́yìn náà, àwọn kan lè gé ọ̀pá náà já pátápátá.

Ṣùgbọ́n kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kànga kì í ṣàì fi àmì hàn kí ó tó rú. Ẹrẹ̀ tí ń padà yóò pọ̀ ju èyí tí a rán lọ. Nígbà mìíràn, a ó dá ẹ̀rọ dúró, ẹrẹ̀ yóò sì máa ṣàn síbẹ̀. Ẹni tí ó bá rí èyí gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ dúró, kí ó ti ẹnu kànga, kí ó wọn agbára tí ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, kí a tó fi ẹrẹ̀ tí ó wúwo jù lé gáàsì náà jáde díẹ̀díẹ̀.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2010, lórí ọkọ̀ ìwakànga Deepwater Horizon, nínú òkun tí ó wà ní gúúsù Amẹ́ríkà, a dán kànga wò bóyá sìmẹ́ńtì ti mú. Òṣùwọ̀n fi hàn pé agbára ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ wá àlàyé mìíràn fún un, wọ́n sì ń fi omi òkun tí ó fúyẹ́ rọ́pò ẹrẹ̀ lọ. Kànga rú, iná sọ, ènìyàn 11 kú. Ẹ̀rọ ìdènà kò lè gé ọ̀pá kí ó sì dí kànga. Ọjọ́ 87 ni epo fi ṣàn kí a tó rí ìdérí dé e. Ní oṣù Kẹsàn-án ni kànga mìíràn tí a gbẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ tó dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí a sì fi sìmẹ́ńtì dí i pa.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n sì sọ̀rọ̀. Etí tí yóò gbà á gbọ́ ni kò sí. Owó gọbọi ni wákàtí kan ń náni lórí ọkọ̀ ìwakànga, nítorí náà ni ó fi ṣòro fún òṣìṣẹ́ kékeré láti wí pé kí iṣẹ́ dúró. Síbẹ̀, ẹnu irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìdènà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ kọ́ ọ pẹ̀lú pé àmì ewu kì í ṣe ohun tí a ń wá àwáwí fún. Kí ó lè wí fún ọ̀gá rẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ṣùgbọ́n láìfòyà, pé: "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ jẹ́ kí á dúró ná."