Dátà Nìkan Ò Tó

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Sabon Gari! Mi ò ní pẹ́. Àwa tí a lọ́mọ ní yunifásítì ni mò ń bá wí.

Ẹ mọ̀ pé kò sí ọmọ ọdún kìíní tó lè sá fún GST 111, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lọmọ mi ti kọ́ tiẹ̀, látilé. Mo ra fóònù, mo ń ra dátà, mo ní ó parí. Èsì jáde, ó fìdí rẹmi!

Mo pariwo títí. Ó ní, "Dádì, inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń gbọ́ ọ. Tí kọ́sítọ́mà bá dé, ẹ ó pè mí."

Ẹnu mi wọhò. Òótọ́ ni, èmi ni mò ń pè é.

Ní báyìí, aago 7 sí 8 alẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè é. BBC Learning English ló ń gbọ́, ọ̀fẹ́ ni, dátà nìkan ló ń jẹ. Òun náà ló ń kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sáwọn tó ń kó ọjà fún mi. Àtìgbà tó ti rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ wúlò ni ẹ̀kọ́ ti ń yá a lára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ ráyè kàwé. Ọjà á tà o.