Ààlà, Àlejò, àti Ọ̀rọ̀ Tí À Ń Sọ Nínú Ọjà

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpéjọ ọdún ìbílẹ̀ ní Kétu

    

Ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ààlà, kí n má sì jẹ́ kó gùn, nítorí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń dúró. N ó gbìyànjú. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà pàápàá, orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni wọ́n kọ orúkọ wọn mọ́ ọn nínú ìwé UNESCO: Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ó sàn fún un jù wá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí gbogbo wa mọ̀. Bí ẹnìkan bá ń lọ sí Ìmẹ̀kọ láti Kétu níbí, kò ní sọ pé òun ń lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Á ní òun ń lọ kí ẹ̀gbọ́n òun, tàbí òun ń lọ ná ọjà, tàbí òkú wà nílẹ̀ tí òun fẹ́ bá wọn sin. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ lọ́hùn-ún, ẹni kan náà á padà dé, á ní, "Àwọn ará Nàìjíríà yẹn, ẹ ò tí ì mọ̀ wọ́n ni." Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lápá kejì. Ní Èkó, ẹni tó bá ti ìhà wa lọ, ìbáà jẹ́ Kétu, ìbáà jẹ́ Sábẹ, ìbáà jẹ́ ará Tógò, Àgànyìn ni ọ̀pọ̀ ń pe gbogbo wọn. Wọ́n á jẹ ẹ̀wà Àgànyìn tán, wọ́n á lá ọwọ́, wọ́n á sì kìlọ̀ fún ọmọ wọn pé kó ṣọ́ra fún Àgànyìn.

A máa ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo wá sọ lónìí ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ohun tí a bá ń sọ nípa àlejò nínú ọjà ni ìjọba máa ń gbé wọ inú òfin, irú òfin bẹ́ẹ̀ sì ti bá àwa fúnra wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ta ló fa ìlà yìí? Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni ìjọba Fáransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé kan ní Paris. Wọ́n mú odò kékeré Ajara lẹ́bàá Àjàṣẹ́, wọ́n sì fa ìlà tààrà láti ibẹ̀ lọ sí òkè lórí àwòrán ilẹ̀. Wọn kò bi ọba, wọn kò bi àgbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rántí ni pé ní ọdún náà, ahoro ni Kétu. Ogun Dàhòmì ti kó ìlú yìí ní 1886, wọ́n ti kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀, àwọn tó sá àsálà sì ti fọ́n ká sọ́dọ̀ ẹbí àti aládùúgbò. Ìgbà tí Fáransé ṣẹ́gun Gbẹ̀hánzìn tán, ní nǹkan bí 1893 sí 1894, ni ìlú tún bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Àwọn baba wa padà dé, wọ́n ń tún ilé mọ, wọ́n ń wá ibi tí oko wọn wà tẹ́lẹ̀ nínú igbó, nígbà tí ìwé tó pín oko náà sí méjì ti wà nínú àpótí òyìnbó fún odidi ọdún mẹ́rin. Títí di òní, ní Ìlárá, ilé ẹlòmíràn wà ní Nàìjíríà, oko rẹ̀ wà ní Bẹ̀nẹ̀. Ìrìn-àjò òkè òkun ni ẹni bẹ́ẹ̀ ń rìn ní òwúrọ̀, tí ó ń ti ibẹ̀ ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Àwa náà ti kọjá ìlà yìí rí bí ẹni tí ń sá fún ìyà. Lábẹ́ Fáransé, iṣẹ́ ọ̀ranyàn wà, owó-orí wà, nígbà tí ogun 1914 sì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ ṣe sójà. Àwọn Ọ̀họ̀rí kọ̀, wọ́n gbé ìjà kò wọ́n. Àwọn mìíràn kò jà. Wọ́n di ẹrù, wọ́n kó ọmọ, wọ́n kọjá sí apá Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìnira náà ti fúyẹ́ díẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti ṣàlàyé rẹ̀ kúnnákúnná nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ òyìnbó. Àwọn tó gbà wọ́n lápá kejì fún wọn nílẹ̀, wọ́n dáko. Àwọn kan jókòó sábẹ́ àtíbàbà yìí lónìí, ọmọ Nàìjíríà pọ́nńbélé, tó jẹ́ pé ọ̀nà yẹn ni bàbá bàbá wọn gbà di ará Nàìjíríà.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ní 1958, ní Abidjan, àwọn ará ìlú dìde sí àwọn ará Dàhòmì àti Tógò tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ba ilé wọn jẹ́, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ wọn padà wálé. Ẹ̀sùn wo ni wọ́n kà sí wọn lọ́rùn? Pé wọ́n mọ̀wé jù, pé wọ́n gba gbogbo iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ní òpin 1963, Nìjẹ́ẹ̀ náà ní kí àwọn ará Dàhòmì máa lọ. Ní oṣù kọkànlá 1969, Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn Yorùbá oníṣòwò, tí ẹlòmíràn nínú wọn kò mọ ilé mìíràn rí, kó ẹrù, wọ́n gba Tógò àti ilẹ̀ wa kọjá. Ní 1978, Gabon lé nǹkan bí 10,000 ọmọ Bẹ̀nẹ̀, nítorí Bongo àti Kérékou ń bá ara wọn jà. Kí ló kan ìyá alákàrà ní Libreville nínú ìjà yẹn?

Lẹ́yìn náà ni 1983 dé. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní, ìjọba Nàìjíríà ní kí àjèjì tí kò ní ìwé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó gbéra, ọmọ Ghana ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ghana ti ti ààlà tirẹ̀ láti 1982. Tógò náà sì ti tirẹ̀, kí èrò má baà há sọ́dọ̀ òun. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni wọ́n há sí, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ àti àpò aláràbarà tí wọ́n ń pè ní Ghana Must Go ní Nàìjíríà títí di òní. Àwọn àgbà tó wà níbí kò nílò kí n ròyìn rẹ̀ fún wọn. Ọdún mẹ́rìnlá péré ló wà láàárín 1969 àti 1983. Ẹni tí wọ́n lé ní Kumasi lọ́jọ́sí ló ń wo bí wọ́n ṣe ń lé ará Kumasi ní Èkó.

Nínú gbogbo èyí, àṣẹ ìjọba kọ́ ló ń kọ́kọ́ dé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń ṣáájú: wọ́n ti pọ̀ jù, àwọn ni olè, àwọn ló jẹ́ kí nǹkan wọ́n. Ìjọba tí ọwọ́ rẹ̀ ti wọ́n gógó lórí ọ̀rọ̀ ajé á gbọ́ ohun tí ará ìlú ń sọ, á sì rí i pé lílé àlejò yá ju títún ọjà ṣe lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè ní ìtàn àtijọ́ nìyẹn. Ó dáa. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá 2018, Ààrẹ Buhari àti Ààrẹ Talon jọ ṣí ibùdó ààlà àjùmọ̀lò ní Sẹ̀mẹ̀-Kráké, kí ìrìn lè yá. Kò pé ọdún kan, ní oṣù kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti ààlà. Tòmátò àti ọ̀pẹ̀-òyìnbó àwọn àgbẹ̀ wa jẹrà. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n tún ní bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ dé ilé epo kankan tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà. Àwọn tó ń gbé Ìlárá àti Ìdìrókò, tí wọ́n ní káàdì ìdìbò Nàìjíríà lọ́wọ́, di ẹni tí kò rí epo rà ní ìlú ara wọn. Oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀. Ti Ìdìrókò di oṣù kẹrin 2022.

Mo mọ̀ pé Nàìjíríà ní ẹjọ́ rò. Ìrẹsì tó ń gúnlẹ̀ sí Kútọ̀nù, kì í ṣe àwa nìkan la ń jẹ ẹ́. Epo tí ìjọba wọn ń fowó ìrànwọ́ sí nígbà náà, inú ìgò ni a ti ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà wa. Ẹ má jẹ́ ká díbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó ìrẹsì ẹ̀kún ọkọ̀ àjàgbé kọ́ ni ìyá tó ru agbọ̀n èlùbọ́ kan. Nígbà tí wọ́n ti ọ̀nà, ọkọ̀ àjàgbé mọ ọ̀nà ìgbẹ́. Ìyá elélùbọ́ ló jókòó sílé.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé, kí ẹ má bínú sí mi. Nígbà tí wọ́n ti ààlà, gbogbo wa là ń pariwo pé ènìyàn kan ni wá, òyìnbó ló pín wa. Òtítọ́ ni. Ṣé Hausa tí ń ta àlùbọ́sà fún wa ńkọ́? Ìgbò tó ṣí ìsọ̀ ohun èlò ọkọ̀ ńkọ́? Ará Nìjẹ́ẹ̀ àti Fúlàní? Òyìnbó kan náà ló pín àwọn náà. Kí ló dé tí ìlà náà kì í sí nígbà tí àwa bá fẹ́ kọjá, tí ó ń di odi nígbà tí àwọn bá ń bọ̀? Mo ti gbọ́ ọ ní ìdí ọjà, mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò: wọ́n ti pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ Abidjan gan-an ni, ọ̀rọ̀ Èkó 1983 gan-an ni.

Mi ò ní kí ẹni tí màlúù jẹ oko rẹ̀ dákẹ́. Ọ̀rọ̀ màlúù àti oko ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní àgbègbè wa, ẹni tó bá sì ní kékeré ni, kò tí ì dáko rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni màlúù ní orúkọ. Ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ mú un lọ síwájú ìjòyè àti sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí ó san owó oko. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí màlúù ẹnìkan jẹ ẹ̀gẹ́, kí a lọ jó ilé ẹlòmíràn tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ta wàrà fún wa láti ogún ọdún.

Àwọn baba wa ní ètò. Àlejò kò gbọdọ̀ wà láìní onílé. Ilé ẹnìkan ni yóò wọ̀ sí, onílé náà á sì mú un lọ han àwọn àgbà. Bí ó bá ṣe dáadáa, onílé ló ni ìyìn; bí ó bá hùwà ibi, ọ̀dọ̀ onílé ni a ó kọ́kọ́ yà. Nípa bẹ́ẹ̀, a mọ ẹni tó wà nílùú, a kò sì ní láti máa fi ojú kan ṣoṣo wo gbogbo wọn. Ètò yìí kò tí ì kú ní àwọn abúlé. Ní ìgboro ni a ti pa á tì. Ìtàn ìlú wa fúnra rẹ̀ sọ pé ìhà Ilé-Ifẹ̀ ni a ti ṣí kí Ẹ̀dé tó kó wa dé ibí, ó sì sọ pé a bá obìnrin arúgbó kan níbí tó fún wa ní iná. Ó lè wo bí a ti pọ̀ tó, kí ó dì í mọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìwé, nítorí ibẹ̀ ni ìyà pọ̀ sí. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 1979, ní Dakar, àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO fẹnu kò pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú àjọ náà lè wọ òmíràn, kó lo 90 ọjọ́, láìgba físà. Ẹ gbọ́ ìyókù: ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tí ì kọjá, ó gbọ́dọ̀ ní káàdì àjẹsára, ó sì gbọ́dọ̀ gba ibùdó tí ìjọba mọ̀. Ẹni tó gba inú ìgbẹ́ lórí zẹ́mí kò lè fi ìwé Dakar gbèjà ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń lé e gba ìgbẹ́? Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Ẹni tó ní gbogbo ìwé, tó gba ibùdó tó tọ́, tí wọ́n tún gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ níbi okùn mẹ́rin láìsí ìwé ẹ̀rí, á wá ọ̀nà mìíràn lọ́la.

Ti àwọn ọmọ wa ló dùn mí jù. Ìyá jẹ́ ará Kétu, bàbá jẹ́ ará Ìmẹ̀kọ, wọ́n bí ọmọ sí oko, wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lápá kankan. Òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú mìíràn, bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni. Kí ni yóò fi hàn bí kò bá sí ìwé ìbí? Nígbà tó bá di ọdún ìdánwò ni a máa ń sáré kiri.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí mẹ́rì rán akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ ìbí lọ sí àwọn abúlé ẹ̀bá ààlà lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kí wọ́n kọ iye owó tó tọ́ sára pátákó ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, ní Fáransé àti ní Yorùbá. Kí kọ́múnù wa àti ìjọba ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Àfọ́n jọ jókòó, kí wọ́n má dúró de Abuja àti Kútọ̀nù fún ohun tí wọ́n lè yanjú ní ìdajì ọjọ́.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, iṣẹ́ kan wà fún yín. Láti òní títí di ọdún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀wé máa bá yín kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, ibùdó, iye tí wọ́n gbà, bóyá wọ́n fún yín ní ìwé tàbí wọn kò fún yín. Ẹ má kọ orúkọ òṣìṣẹ́ kankan. Ẹ kó o fún akọ̀wé ẹgbẹ́, òun ni yóò bá wa kó o jọ kí a tó lọ rí àwọn aláṣẹ apá méjèèjì.