Ilẹ̀ Tó Ń Dán, Ilẹ̀ Tó Ń Yọ̀: Kí Ẹ Tó Pe Oníṣẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ẹbí sọ níbi ìpàdé wa ní Spring)

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ mábù tó ń dán bíi dígí, ilẹ̀ tútù yẹn lè gbé ènìyàn ṣubú. Ọ̀pọ̀ wa ló mú màmá wá láti ilé kí wọ́n wá bá wa wo ọmọ. Bí ìbàdí àgbà bá kán, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń bi wá: ṣé a lè pa dídán yẹn kù láìhú òkúta? Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú òkúta tó wà nílẹ̀ yín. Mábù, bí irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ìgbẹ́tì, àti travertine rọ̀. Ásíìdì máa ń jẹ wọ́n. Granite, irú ti Olúmọ, le gan-an, iṣẹ́ rẹ̀ sì nira. Ẹ kán vinegar sórí àkùfọ́ táìlì tó ṣẹ́kù. Tó bá hó, kì í ṣe granite. Irú òkúta bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí vinegar nù ún mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: ẹ̀rọ tó ń yí, omi, àti ìfá tí wọ́n fi dáyámọ́ńdì ṣe. Bí nọ́ńbà ìfá bá ṣe kéré tó ló ṣe ń há tó. Tí wọ́n bá dúró ní bíi 400, ojú òkúta á jọ̀lọ̀ ṣùgbọ́n kò ní kọ mọ̀nà mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dídán padà á gun àkàsọ̀ lọ sí 800, 1500, títí dé 3000. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi sealer pa á, nítorí òkúta tí a fá máa ń tètè mu epo. Sealer kì í dá ásíìdì dúró o. Ilẹ̀ tí a fá náà ṣì lè yọ̀ tí omi tàbí ọṣẹ bá wà lórí rẹ̀. Ẹ fi irin ìdìmú sí ilé ìwẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí jẹun, ẹ má fá òkúta láìsí omi. Eruku granite ní silica tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Òfin OSHA ti 2016 fi ààlà rẹ̀ sí máíkírógíráàmù 50 nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́, fún wákàtí 8 iṣẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, èyí tí mo kà nílé ìwé. Ìjọba Texas kì í fún kọngílá ilé ní láísẹ́ǹsì, nítorí náà ẹnikẹ́ni lè kọ orúkọ sára ọkọ̀. Ẹ gba iye owó lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta, lórí ìwé. Ká ní ilẹ̀ yín jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun 300: ẹnì kan ní dọ́là 4 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 1,200, ẹnìkejì ní 1,000 lápapọ̀. Ẹ má yára mú 1,000. Ẹ bi í: ṣé sealer wà níbẹ̀? Ta ni yóò gbé àga? Kí ó kọ́kọ́ fá igun kékeré kan kí ẹ rí i. Ẹ má san gbogbo owó ṣáájú.

Bí oníṣẹ́ bá wá kan ilẹ̀kùn yín, tí ẹ sì fọwọ́ síwèé ọjà tó tó dọ́là 25, òfin FTC fún yín ní ọjọ́ iṣẹ́ 3 láti yí ọkàn padà. Sátidé wà nínú ìṣirò. Ọjọ́ Ìsinmi kò sí níbẹ̀.

Ẹni tó háyà ilé, ẹ gba àṣẹ onílé lórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ilẹ̀.

Ẹ mú ìwé yín wá, ká jọ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká ṣubú o.