Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé: Ta Ni À Ń Pè Ní "Ẹ"?

Ọ̀rọ̀ mi ò ní gùn, torí ìrẹsì ń tutù.

Ẹ rántí 2025, nígbà tí ìjà ààlà ilẹ̀ mú kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ẹ̀mí lọ, ilé jóná. Tòmátì rà mọ́ wa lọ́wọ́. Ta ló fẹ́ rówó san ẹ̀yáwó?

Nígbà tí ọjà ṣí, èmi ọmọ Ìlobùú gbé ìwé gbèsè, mo lọ bá Ìyá Elépo, ará Ìfọ́n. Wọ́n jù mí lọ dáadáa. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, "Màmá, owó wa tí ẹ jẹ, ìgbà wo lẹ máa san án?" Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Owó yín? Àwa wo ló jẹ yín lówó?" Ìpàdé mẹ́ta ni wọn ò wá.

Ó pẹ́ kó tó yé mi. "Ẹ" là ń pe àgbà kan ṣoṣo, òun náà là ń pe odidi ìlú. Nígbà tí ara rọ̀, ọ̀wọ̀ ni etí ń gbọ́. Lẹ́yìn ìjà, mo ní "ẹ" fún ọ̀wọ̀, wọ́n gbọ́ "ẹ̀yin ará Ìfọ́n". Mo ní "owó wa", ẹgbẹ́ ni mo ní lọ́kàn, wọ́n gbọ́ Ìlobùú. Bẹ́ẹ̀ owó tiwọn náà wà nínú àpótí yẹn o!

A ò kúkú lè tìtorí ẹ̀ máa pe àgbà ní "ìwọ". (Ẹni tó bá dán an wò, kó má pe akọ̀wé sí i.) Mo padà lọ. Mo ní, "Ìyá Elépo, owó ẹgbẹ́, tèmi tiyín, ló wà lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ jẹ́ ká jọ wo bá a ṣe máa pín in sí díẹ̀díẹ̀." Wọ́n fa àga fún mi. Oṣù yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san án.

Ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbọ́ "àwọn ará ọ̀hún" ní ìsọ̀, lẹ́nu ará ìlú méjèèjì. Ta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Onídùúró yín ni, ìyàwó ọmọ yín ni. Láti ìpàdé tó ń bọ̀, ẹni tó bá ní "àwọn yẹn", màá bi í pé ta ni, kí n tó kọ ọ́ sínú ìwé.