Àpọ́nlé Tí A Fi Ń Jókòó: Ọ̀rọ̀ Lórí Sísanra Lẹ́yìn Tí Nǹkan Oṣù Bá Dúró

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ kún ìjókòó iwájú, abiyamọ ọlọ́já gbọọrọ, ẹ̀yin tí ẹ so ọ̀já mọ́ ìbàdí pọn ọmọ, tí ẹ sì tún so owó ọjà mọ́ ìbàdí kan náà kí ọmọ ọ̀hún má bàa sùn lébi, mo kí yín, mo sì tọrọ gáfárà kí n tó dárúkọ ìbàdí yìí láàárín àwùjọ, nítorí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí.

Ní ìparí ọdún tó kọjá, mo sin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni ọdún 57, lọ sọ́dọ̀ aránṣọ rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Aránṣọ yìí kì í ju ìwé nù. Ó ṣí ìwé ńlá kan tí epo ẹ̀rọ ti ta sí, ó wá ojú ewé tí ó fi bírò kọ ìwọ̀n ẹ̀gbọ́n mi sí ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn: ikùn, íǹṣì 33, ìdí, íǹṣì 43. Ó na téèpù, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Ìdí di 44. Ikùn ti di 40. Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀, ó ní, “Àbúrò mi, ẹ̀jẹ̀ tí kò wá lóṣooṣù mọ́ ló kó jọ sí mi nínú yìí.”

N kò jà á níyàn níbẹ̀, nítorí kò yẹ kí àbúrò máa kọ́ ẹ̀gbọ́n lẹ́kọ̀ọ́ lójú aránṣọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò kó jọ. Ilé ẹyin obìnrin, tí ó ti ń pèsè họ́mọ̀nù tí à ń pè ní estrogen láti ìgbà ìbàlágà, a máa dáwọ́ iṣẹ́ yìí dúró, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọdún 45 sí 55. Bí oṣù 12 bá sì kọjá láìrí nǹkan oṣù, a mọ̀ pé ó ti parí (bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọjú lẹ́yìn èyí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ tètè gbà lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ alágbo). Nígbà tí estrogen wà lórí oyè, ìdí àti itan ni ó ń darí ọ̀rá sí. Nígbà tí ó bá relé, ọ̀rá a wá máa wọ inú ikùn lọ, a sì máa lọ́ mọ́ ẹ̀dọ̀ àti ìfun, níbi tí ó ti ń ṣílẹ̀kùn fún ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ewu yìí ń pọ̀ sí i fún obìnrin tí ikùn rẹ̀ bá ju sẹ̀ǹtímítà 80 lọ, àti pé ó ń pọ̀ gidigidi bí ó bá ju 88 lọ, èyíinì nǹkan bí íǹṣì 35 lórí téèpù aránṣọ.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé ibi tí ọ̀rá ń gbé ni mo wí, n kò tíì sọ ibi tí ó ti ń wá. Àwọn kan gbà pé iná ara, èyí tí ara fi ń jó oúnjẹ tí a jẹ, ló ń kú bí nǹkan oṣù bá ti dúró. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí Herman Pontzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2021, lórí ènìyàn tó lé ní 6,400 láti orílẹ̀-èdè 29, fi hàn pé bí a bá ṣírò bí ara ẹni ṣe tóbi tó mọ́ ọn, iná yẹn kì í yẹ̀ láti ọdún 20 títí di nǹkan bí 60, àti pé ìdúró nǹkan oṣù kò pa á.

Kí ló wá ń kó ọ̀rá jọ? Lójú tèmi, àpọ́nlé ni. Òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, àwa Yorùbá a sì máa fi èyí yangàn. Gẹ́rẹ́ tí ìyá bá ti tọ́mọ yanjú, ọmọ-ọ̀dọ̀ a gba odó lọ́wọ́ rẹ̀, ìyàwó ọmọ a gba ìgbálẹ̀, ọmọ tó wà lókè òkun a fi ẹ̀rọ ìfọṣọ ránṣẹ́, gbogbo wọn a sì máa wí pé, “Màmá, ẹ jókòó, ẹ ti ṣe tiyín.” Màmá a jókòó. Bí ó bá di Sátidé, a tún lọ jókòó lóde àríyá, mọ́ọ̀tì kan níwájú, mínírà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ ìgò mínírà onísẹ̀ǹtílítà 50 lè ní ṣúgà tó gíráàmù 50 nínú, nǹkan bí ṣíbí kékeré 12. Iṣu ẹran apá àti itan, tí í ṣe ààrò tí iná ara ń jó nínú rẹ̀, a máa joro bí a kò bá lò ó. Iná kò kú, ààrò ló ń kéré, a kì í sì í tètè fura, nítorí ọ̀rá ń dí àlàfo rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Èyí ló fà á tí tíì ìfọnú tí wọ́n ń kiri káàkiri kò fi wú mi lórí. Omi àti ìgbẹ́ ni ó ń lé jáde. Ọ̀rá kì í gba ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jáde. Ẹni tí ó sì ń febi pa ara rẹ̀, ọ̀rá nìkan kọ́ ni yóò sọnù, iṣu ẹran yóò bá a lọ.

Nígbà tí a ti ọ̀dọ̀ aránṣọ délé, mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kí òkèlè àmàlà dín, kí ewédú, gbẹ̀gìrì àti ẹja pọ̀ sí i, kí omi gba ipò mọ́ọ̀tì, kí ó sì máa yára rìn fún ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ìṣẹ́jú 150 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò yẹ kó dín. Ooru tí ń bù ú lóru kò jẹ́ kó sùn dáadáa, àìsùn a sì máa mú kéèyàn jẹ jù. Fún ìyẹn, mo rán an sí dókítà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí mo tẹnu mọ́ jù ni pé kí ó gba odó rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ó gún iyán fún àwọn ọmọ jẹ, kí ó sì máa jókòó sórí àpótí kúkúrú, kí ó máa dìde láìfọwọ́ ti orúnkún. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ó lè dìde, ó sì di ògiri mú lẹ́ẹ̀kẹta.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún. Ó ní àwọn ará àdúgbò yóò wí pé òun sọ ìyá ọkọ òun di ẹrú. Ẹ̀gbọ́n mi kò dáwọ́ odó dúró. Ó ní kí ó lọ sọ fún wọn pé aránṣọ ló ní kí òun máa gún un.

Lóṣù tó kọjá, a padà sí Mọ́kọ́lá. Ìdí ṣì jẹ́ 44. Ikùn wá sí 38. Aránṣọ wa kọ ọ́ sábẹ́ 40, ṣùgbọ́n kò fi bírò kọ ọ́ mọ́. Ó gbé ìwé náà sókè kí ẹ̀gbọ́n mi lè rí i, ó ní, “Màmá, pẹ́ńsù ni mo fi kọ eléyìí o.”