Ẹṣin Kì í Sáré Nínú Igbó: Àfikún Agbára àti Ìrètí Ìborí Nínú Géèmù Ogun

 

Géèmù ogun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni èyí tí a ń ta bí ayò: ìwọ ta tìrẹ tán, ọ̀tá rẹ ta tirẹ̀. Gbajúmọ̀ nínú wọn ni Civilization tí Sid Meier ṣe. Ọdún 1991 ló jáde, ọdún yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ kó kúrò l'Ékòó wá sí Àbújá níbí, ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá. Ẹ má bínú, òpìtàn ni mí. Bí ọdún méjì bá bára mu, ẹnu mi kì í lè dákẹ́.

Agbára tí wọ́n kọ sára ọmọ ogun nínú géèmù wọ̀nyí kò tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ibi tó dúró sí ńkọ́? Ta ló dojú kọ? Ṣé ó ti mọ odi yí ara rẹ̀ ká? Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí ló ní àfikún tàbí àdínkù tirẹ̀, àfikún tó sì dà bí ohun kékeré lójú lè sọ ìjà tó yẹ kó gbóná di èyí tí kò yẹ kí a jà rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi Civilization IV ṣírò, èyí tó jáde ní 2005. Agbára ẹlẹ́ṣin tó ń tafà jẹ́ 6, ti ọlọ́ọ̀kọ̀ jẹ́ 4. Ṣùgbọ́n ọlọ́ọ̀kọ̀ ní àfikún ìdá 100 nínú 100 sí ẹnikẹ́ni tó bá gun ẹṣin, nítorí náà 4 di 8. Bó bá tún wà nínú igbó, igbó á fún un ní ìdá 50 sí i. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìṣirò, tí wọ́n á sọ pé 8 ti di 12. Rárá o. Orí 4 àkọ́kọ́ ni gbogbo àfikún ń gùn: 100 àti 50 jẹ́ 150, agbára rẹ̀ sì di 10.

Ó dáa. Ẹlẹ́ṣin 6 kọlu ọlọ́ọ̀kọ̀ 8 ní gbangba. Ẹni tó bá ń kánjú á pín 6 sí 14, á ní ẹlẹ́ṣin lè borí nígbà 43 nínú 100. Ìkọlù ẹyọ kan ló ṣírò yẹn. Ẹ̀mí 100 ni oníkálùkù gbé wọjà, wọn ò sì ní í dáwọ́ dúró títí ti ẹnì kan yóò fi tán. Ẹni tí agbára rẹ̀ pọ̀ ni ìkọlù ń bá jù, ọgbẹ́ tó ń dá sí èkejì lára tún ń jinlẹ̀ jù, àǹfààní kan náà ló ń jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá yọ ti sísá padà lójú ìjà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọgbẹ́ tí ẹlẹ́ṣin ń dá jẹ́ 17, ti ọlọ́ọ̀kọ̀ jẹ́ 23. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ẹlẹ́ṣin gbọ́dọ̀ bá ọlọ́ọ̀kọ̀ kó tó kú. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ti tó ọlọ́ọ̀kọ̀. Ìrètí ẹlẹ́ṣin já wálẹ̀ sí 22 nínú 100. Kí ọlọ́ọ̀kọ̀ wá wọgbó, kí agbára rẹ̀ di 10, ìrètí yẹn kò tó 4 mọ́. Igi lásán ló ṣe é!

Ẹni tó bá ka ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ti bá ìṣirò yìí pàdé láìsí nọ́ńbà. Ní nǹkan bí 1840, ogun Ìlọrin dó ti Òṣogbo. Ẹṣin ni wọ́n gbójú lé, òun ni wọ́n fi gba ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ ọ̀dàn, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tí ojú sì ríran jìnnà. Òṣogbo súnmọ́ igbó. Ẹṣin kò ráyè sáré níbẹ̀, eṣinṣin tó ń kó àìsàn ràn án sì ń dúró dè é. Àwọn Ìbàdàn tí Balógun Ọdẹ́rìnlọ́ kó wá láti ran Òṣogbo lọ́wọ́ kò kánjú. Òru ni wọ́n kọlu ibùdó Ìlọrin. Ẹṣin orí ìso kì í ṣe ẹṣin ogun. Àfikún ọ̀tá ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ogun Ìlọrin sì fọ́ yángá.

Àbújá náà ní tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ajagun jìhádì lé Makau, ọba Zazzau, kúrò ní Zaria ní nǹkan bí 1804, gúúsù ló kọjú sí, ó sì tẹ̀dó sí Zuba. Àbúrò rẹ̀, Abu Ja, ló dá ìlú sílẹ̀ láàárín àwọn òkè ní 1828, tí ìlú náà sì ń jẹ́ Àbújá. Zaria kò rí i gbà. Ní 1976 ni ìjọba mú orúkọ náà fún olú-ìlú tuntun, ìlú àtijọ́ sì di Suleja. Òkè náà ní àfikún tirẹ̀: nínú Civilization ti 1991, ìdá 100 ni òkè fi ń kún agbára ẹni tó ń dáàbò bo ara rẹ̀. Nínú ti 2005, wọ́n ti dín in kù sí 25. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fẹsẹ̀ gun òkè ní agbègbè yìí yóò gbà pẹ̀lú mi pé ti àkọ́kọ́ ló mọ ohun tó ń sọ.

Sid Meier fúnra rẹ̀ sọ ohun kan níbi ìpàdé àwọn tó ń ṣe géèmù ní 2010. Bí agbára bá jẹ́ 3 sí 1, tí ẹni tó ní 3 sì pàdánù, inú á bí i, á ní géèmù ń ṣèrú. Kó wá jẹ́ òun ló ní 1 tó sì borí 3, kò ní í fọhùn. Wọ́n wá tún ìṣirò ṣe kí inú oníbàárà lè dùn. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ìkan nínú mẹ́rin kì í ṣe òfo, ogun sì ti fi irú rẹ̀ han àwọn tó jù wá lọ.

Ogun tó le jù fún mi láti ṣírò ni Kírìjì, tí Ekìtìparapọ̀ bá Ìbàdàn jà. Ekìtìparapọ̀ wà lórí òkè níhà Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìbàdàn wà níhà Ìgbájọ, oníkálùkù pẹ̀lú àfikún tirẹ̀. Ibọn tuntun tí a ń ki láti ẹ̀yìn dé láti Èkó fún Ekìtìparapọ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ wọ àfonífojì ló ń jẹ gbèsè. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní 1886, ibùdó ogun kò sì tú títí di 1893. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ géèmù nínú gbọ̀ngàn yìí, bí ẹ bá fẹ́ kọ Kírìjì, ìdá mélòó ni ẹ ó fún òkè kí ìjà náà tó lè parí? Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ìbéèrè yín ti bẹ̀rẹ̀.